Àbúrò Mi Yọ-Díẹ̀ àti Ṣéènì Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ, ẹ má sì retí pé mo fẹ́ yìn ín. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, èmi náà ni mo máa ń gba ẹgba ẹ̀ jẹ nígbà tó bá ti fọ́ nǹkan tán tó sá pamọ́ sẹ́yìn mi. Nítorí náà bí mo bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀, ó tọ́ sí mi. Olùkọ́ awakọ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Yọ-Díẹ̀, òun sì rò pé oyè ni wọ́n fi í jẹ.

Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí lè rà láìyọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, á ní, "Ẹ má wulẹ̀ fá ẹ̀yìn, mi ò kúkú rí ibẹ̀, ẹ yọ owó ẹ̀yìn kúrò." Nígbà tó fẹ́ kan tábìlì fún ọ́fíìsì wa, ó kọ́kọ́ ní kí káfíńtà yọ dúrọ́ọ̀ kúrò, ó tún ní kó yọ fáníìṣì kúrò, nígbà tó yá ó bi í léèrè pé ṣé dandan ni kí tábìlì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo fi Ọlọ́run búra, tábìlì tí mo ń kọ̀wé lórí ẹ̀ títí dòní, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ògiri ló gbé igun kẹrin dání. Èèyàn kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó fara ti tábìlì, òun àti tábìlì àti ìwé orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ wà nílẹ̀. Àbúrò mi ní ẹni náà ló wúwo jù.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà. Àga mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pátákó kan tí wọ́n ya àmì ojú ọ̀nà sí, fèrèsé kan tí kò ṣeé tì tán, àti èmi. Mo ti ṣe akọ̀wé ilé-ìwé fún ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ló bá wá bẹ̀ mí pé, "Àǹtí mi, ẹ wá bá mi mójú tó ìwé." Mo wá. Lóde, ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, ọkọ̀ tó ní bíréèkì méjì àti kilọ́ọ̀ṣì méjì, kan fún akẹ́kọ̀ọ́, kan fún olùkọ́. Ọkọ̀ yẹn nilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá sí i, àga mẹ́jọ àti àwòrán ló kù, kò sì sí ẹni tó máa sanwó wo àwòrán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ṣíná sí ọkọ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ró níwájú ẹ́ńjìnnì, kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ, bí ìgbà tí èèyàn ń mi owó wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nígbà tí ọkọ̀ gbóná, ariwo náà dákẹ́. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo ní, "Ìwọ, kí lèyí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ń họ ọ̀fun ni. Ṣé ẹ̀yin náà kì í họ ọ̀fun láàárọ̀?" Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti kọ́ wọn ní mọ́tò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Èmi ni mo fi ariwo mú un dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọkùnrin kan báyìí tí kì í sọ ju ohun tó yẹ kó sọ lọ. Mẹkáníìkì gbé etí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ṣéènì ni. Ṣéènì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì níbí tó so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè máa yí pọ̀, kí ẹnì kan má lu ẹnì kejì. Ó ti nà." Ó wá kọ ohun tó máa rà sínú ìwé: ṣéènì tuntun, ike méjì tó ń tọ́ ṣéènì sọ́nà, tẹ́nṣọ́nà, ìyẹn nǹkan kékeré tó máa ń ti ṣéènì kó má bàa dẹ̀, àti ọ́ìlì. Ó ní, "Ṣéènì fúnra ẹ̀ ò wọ́n. Ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn. Gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì la máa tú."

Àbúrò mi gba ìwé náà, ó yọ bírò lẹ́yìn etí ẹ̀. Nígbà tí mo ti rí bírò yẹn ni mo ti mọ̀ pé wàhálà dé. Ó ní, "Ṣéènì lẹ ní ó nà. Ṣé ike náà nà ni?" Ó fagi lé ike. "Tẹ́nṣọ́nà ńkọ́? Èyí tó wà níbẹ̀ kú ni?" Ó fagi lé e. Ó dá ìwé padà, ṣéènì nìkan ló kù nínú ẹ̀. Mẹkáníìkì ní òun kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Àbúrò mi gbé ọkọ̀ ẹ̀ kúrò tìbínú-tìbínú, ó lọ bá ẹnì kan lójú títì tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ìwé, tó jẹ́ pé àpótí ìjókòó ni gbogbo ohun ìní ẹ̀. Ìyẹn bá a ki ṣéènì tuntun sáàárín ike àtijọ́. Ariwo dákẹ́.

Ẹ wá wo ìfọ́nnu! Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbọ́ ọ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé tí kò ní sọ fún un pé wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì, òun sì rí wọn láti òkèèrè. Ó máa ń fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ rere lẹ́yìn. Èmi máa ń kọ̀wé mi lọ, mo máa ń ṣíọ̀ lábẹ́ ẹnu.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, èmi náà wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ní ìwé àṣẹ la ti ń bọ̀. Wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà pé alábòójútó máa wá wò wá ní ọjọ́ kejìlá òní, pé ó gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Bí kò bá bá méjèèjì, wọ́n á gba ìwé àṣẹ padà. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ló ń wa ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń wà á. Bá a ṣe ń gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́, nǹkan dún gbàù níwájú, ọkọ̀ mì tìtì, ó sì kú.

Àbúrò mi pariwo, "Kilọ́ọ̀ṣì! Kí ni mo sọ fún yín nípa kilọ́ọ̀ṣì?"

Agbẹ̀bí ní, "Ẹsẹ̀ mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, sà."

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n! Ìdí tó fi kú nìyẹn!"

Ó sún ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíná léraléra. Ohun tó ń dún nínú ẹ́ńjìnnì, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ṣe é nígbà mẹ́rin sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, agbẹ̀bí ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe, ọkùnrin náà sì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Nígbà tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn tú u. Ó nawọ́ pe àwa méjèèjì. Ike àtijọ́ ti run wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì. Tẹ́nṣọ́nà àtijọ́ ti sọ ṣéènì nù. Ṣéènì tuntun tó dán gbinrin ti fò kúrò lórí eyín, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti lu ara wọn, fáàfù mẹ́fà, àwọn irin tó ń ṣí tó ń pa dé fún afẹ́fẹ́, ti tẹ̀. Mẹkáníìkì kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ iye tó máa ná wa. Ìdajì owó tá a fi ra ọkọ̀ náà ni. Ohun tí ì bá tán ní ọjọ́ méjì nígbà yẹn ti wá di iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ ò ní gbà gbọ́. Ọkùnrin yìí mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ yọ díẹ̀."

Mẹkáníìkì ní kò sí ohun tóun máa yọ. Àbúrò mi fárígá, ó ní òun á wá ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì ló fi rìn kiri. Ẹni ojú títì ọjọ́sí ti gbé àpótí ẹ̀ lọ sí ibi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn tó kù gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n ní kó lọ ra ọkọ̀ mìíràn. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ìyàwó ẹ̀ pè mí, ó ń sunkún lórí fóònù pé bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ yẹn, kí ni ọkọ òun tún máa ṣe láyé tí kò tíì ṣe tí kò bà jẹ́? Òótọ́ ló sọ. Ó ti ta bàtà rí, ó ti sin adìẹ rí, ó ti ya fọ́tò rí. Iṣẹ́ awakọ̀ yìí nìkan ló di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹnu mi ò sì gbà á láti bá a sọ ọ́, torí bí mo bá ní kó lọ sọ́tùn-ún, òsì ló máa gbà.

Ni mo bá dá lọ bá mẹkáníìkì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ irọ́ díẹ̀ sínú ìwé yẹn."

Ó ní, "Èmi kì í purọ́ fún oníbàárà, mà."

Mo ní, "Kì í ṣe irọ́ tí ẹ máa gbowó ẹ̀. Irọ́ tí òun máa yọ kúrò ni. Bí kò bá rí nǹkan yọ, kò ní ṣe é."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín ẹ̀ nìyẹn. A jọ jókòó, a hùmọ̀ àwọn nǹkan tí kò sí láyé: wáṣà olójú méje, bọ́ọ̀tì ìdákẹ́rọ́rọ́, àti ọ̀pá ìmí ṣéènì. A kọ iye owó sórí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye gidi náà ló máa kù.

Àbúrò mi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ìwé tuntun, ó yọ bírò. Ó ka wáṣà olójú méje, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó fagi lé e. Ó fagi lé bọ́ọ̀tì ìdákẹ́rọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ rò pé mi ò mọ ọkọ̀ ni?" Inú mi ń dùn. Ó wá dé orí ọ̀pá ìmí ṣéènì, ó dúró. Ó mi orí. "Èyí ṣe pàtàkì o. Ṣéènì tí kò bá rí èémí mí, ṣebí ṣe ló máa já." Ló bá fò ó, ó fagi lé tẹ́nṣọ́nà! Ó ní, "Èyí ni mo yọ lọ́jọ́sí, kò sì sí ohun tó ṣe."

Mẹkáníìkì wò mí. Èmi náà wò ó. Ọkùnrin yìí fi ojúlówó sílẹ̀, ó ń sanwó èémí. Mo ṣẹ́jú sí mẹkáníìkì pé kó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí owó ọ̀pá ìmí tó láti fi ra tẹ́nṣọ́nà, díẹ̀ tiẹ̀ ń ṣẹ́kù fún ọ́ìlì. Àbúrò mi san owó náà bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín ẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó san án.

Ó kù díẹ̀ kí n tó máa yin ara mi nígbà tó ní, "Bí ẹ bá tú ọ̀pá ìmí àtijọ́ jáde, mo fẹ́ rí i o." Mẹkáníìkì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ wá a rí." Mo lọ sídìí òkìtì irin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo fa irin pupa kan yọ tó ti wà lára ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo fi bébà ìròyìn wé e. Nígbà tí mo gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́, mo ní, "Òun rè é o, mẹkáníìkì ní kí n gbé e fún ẹ." Ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe dí?"

Ọkọ̀ náà padà wálé ní ọjọ́ kẹsàn-án tá a ti gba lẹ́tà, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kò ró mọ́ láàárọ̀. Irin omi sì di ohun èlò ìkọ́ni. Orí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi ló gbé e sí. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibí yìí ni ṣéènì ti ń mí." Agbẹ̀bí kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ó tún ya á. Mo máa ń bo ẹnu mi. Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún fọganáísà, fọganáísà sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá lẹ táyà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó wá di pé àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé láti wá gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa èémí ṣéènì, wọ́n á sì sá lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. Àbúrò mi rò pé òkìkí òun ń kàn ni.

Alábòójútó dé ní ọjọ́ kejìlá, obìnrin gíga kan tó fi okùn so jígí ojú mọ́ ọrùn. Ó wo ìwé mi, ó ní ó mọ́. Ó wo bíréèkì méjèèjì, ó ṣíná sí ọkọ̀, ó tẹ́tí, ó ní ẹ́ńjìnnì dára. Ó wọlé padà. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wà lórí àga. Ó ti mú òǹtẹ̀ jáde nínú báàgì nígbà tí ojú ẹ̀ bọ́ sórí tábìlì mi.

"Kí lèyí?"

Àbúrò mi dìde, ó gbọn aṣọ ẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé títí ó fi débi pé ṣéènì kì í mí dáadáa nígbà òtútù. Obìnrin náà gbé irin náà, ó yí i, ó fi èékánná ha á. Ó ní, "Mo ti ṣe mẹkáníìkì fún ọdún mọ́kànlá kí n tó bọ́ sí ọ́fíìsì. Ara ẹ̀rọ omi nìyí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀pá ìmí ṣéènì. Ṣé ohun tí ẹ fi ń kọ́ àwọn èèyàn yìí nìyí?" Ó dá òǹtẹ̀ padà sínú báàgì, ó yọ bírò.

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ó gbé e mì. Àbúrò mi wá yíjú sí mi. Kò bínú. Ńṣe ló ń retí pé kí n sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹ̀yin lẹ ṣì í." Mi ò rí ojú yẹn lára ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo gbé irin tí kì í ṣe tiwa. Mẹkáníìkì kò fún mi. Èmi náà ni mo pè é lórúkọ yẹn fún un."

"Ẹ̀yin akọ̀wé?" Ó wo àbúrò mi. "Olùkọ́ wá gba orúkọ irin lẹ́nu akọ̀wé?"

"Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni, mà," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Kò tíì sí ẹlòmíràn lábẹ́ ọ̀run tí Yọ-Díẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ rí tí kò fagi lé. Èmi nìkan ni. Èmi sì ni mo gbé irin omi fún un, tí mo fi pe gbogbo àdúgbò wá wòran.

Alábòójútó ní, "Ó dáa. Olùkọ́, ẹ gbàgbé irin yẹn. Kí ni ṣéènì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì gan-an?" Àbúrò mi sọ ọ́: òkè, ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yí pọ̀, bí ṣéènì ṣe ń nà, bí ó ṣe ń ró láàárọ̀. Obìnrin náà bi í pé kí ló máa ń ti ṣéènì kó má dẹ̀. Ó ní, "Tẹ́nṣọ́nà ni, mà. Èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ìwé." Mi ò mọ ìgbà tó mọ ìyẹn. Obìnrin náà lu òǹtẹ̀ lé ìwé àṣẹ, ọdún mẹ́ta.

Kó tó di pé obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, agbára ti padà sára àbúrò mi. Ó na ìka sí mi lójú gbogbo wọn. "Ìwọ akọ̀wé yìí! Ìgbà wo lo máa mọ iṣẹ́ ẹ? Ohun tí o ò mọ̀, o ò lè béèrè?" Ìwọ. Ó pè mí ní ìwọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò mí, àwọn ojú fèrèsé ń wò mí, agbẹ̀bí ń fagi lé àwòrán inú ìwé ẹ̀, ó sì ń mi orí sí mi tàánú-tàánú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo lè fi fọ́ ọ túútúú ti kún ẹnu mi.

Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà," mo sì jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ ìwé àṣẹ tuntun náà sínú ìwé.